Kí Ni Ó Wà Nínú Agolo Náà? Bí A Ṣe Ń Mọ Oògùn Olú Tí Ó Dára

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kòkòrò inú ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ olú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe olú tí a fi ń se ọbẹ̀. Olú tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, tí wọ́n rọ sínú kápúsù tàbí tí wọ́n pò mọ́ kọfí, tí wọ́n wá ń tà gẹ́gẹ́ bí oògùn, ni a fẹ́ bá yín sọ.

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Ìpàdé oṣù ti fẹ́ parí. Àlejò kan á dìde nínú kóòtù, àpò ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò gbé agolo kalẹ̀ lórí tábìlì, agolo tó ń dán, tí wọ́n ya àwòrán olú pupa sí lára. Yóò ní láti ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ń lo olú yìí ní ilẹ̀ Ṣáínà, pé àwọn ọba ló ń lò ó. Yóò ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo àtọ̀gbẹ, ó ń wo jẹjẹrẹ, ó ń wo orúnkún tó ń dun àgbà. Kí ó tó jókòó, màmá kan ti ń tú owó létí ìró. Akápò ẹgbẹ́ pàápàá ti ń ṣírò iye páálí tí owó ẹgbẹ́ lè rà.

A kò wí pé kí ẹ lé àlejò náà. Ohun tí a ń wí ni pé kí ẹ bi í ní ìbéèrè, bí ẹ ṣe máa ń bi ẹni tó fẹ́ ta irúgbìn àgbàdo fún yín. Ta ni nínú yín tí yóò ra irúgbìn láìtú ẹnu àpò wò?

OLÚ WO NI?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Èyí tí ẹ ó rí jù nínú ọjà yìí ni olú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ganoderma. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní lingzhi, àwọn ará Jàpáànù ń pè é ní reishi. Kò rọ̀ bí olú inú ọbẹ̀ wa. Ó le bí igi, orí rẹ̀ máa ń dán bí ẹni pé wọ́n fi fáníìṣì kùn ún, ó sì korò. Kò sí ẹni tó lè jẹ ẹ́ bí ẹran. Sísè ni àwọn tó ni ín ń sè é títí, wọn á sì mu omi rẹ̀ bí àgbo. Ẹ tún lè rí orúkọ mìíràn lára agolo: cordyceps, tí ó ń hù lára kòkòrò lórí àwọn òkè gíga ilẹ̀ Tibet, shiitake, tí ó jẹ́ olú jíjẹ, lion's mane, chaga. Ohun tí a ó sọ nípa Ganoderma kan gbogbo wọn.

Àwa náà mọ olú. Ẹni tó bá dàgbà sí abúlé mọ èyí tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán nígbà òjò, ó mọ olú ọ̀ràn wẹẹrẹ tó ń hù bí ẹni da ìrẹsì sílẹ̀, ó sì mọ èyí tí a kì í fọwọ́ kàn. Àwọn baba wa tilẹ̀ fi ìkìlọ̀ sínú orúkọ. Ní 1975, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, B. A. Oso, kọ̀wé nípa olú àti àwa Yorùbá. Ó mẹ́nu kan ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní ajẹìmutí, nítorí pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ mu ọtí lé e. Ẹ ò rí i pé orúkọ olú náà ni lébẹ̀lì rẹ̀!

Ṣùgbọ́n ojú la fi ń lo gbogbo ìmọ̀ yìí. Orí olú, ẹsẹ̀ rẹ̀, abẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀, ibi tó hù sí, ni a fi ń dá a mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ kúnná, ojú kò rí nǹkan kan mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn ti ń wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra èlùbọ́ lọ́jà mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tó ra iṣu gbígbẹ ní odindi, tó sì gbé e lọ sí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, mọ ohun tó ń rò lámàlà. Ẹni tó ra lílọ̀, ẹnu òǹtà ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni wọ́n ń tà á fún bẹ́ẹ̀. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kan gbé àbájáde àyẹ̀wò wọn jáde. Wọ́n kó oògùn olú 19 tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ Ganoderma lucidum, lọ sí láàbù. Nínú 19 yìí, 5 péré ni ohun tó wà nínú rẹ̀ bá orúkọ tó wà lára rẹ̀ mu. Ẹ ronú sí i. Ní ilẹ̀ tí láàbù pọ̀ sí bẹ́ẹ̀, 14 kò yege.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí odindi olú gbígbẹ tàbí èyí tí wọ́n gé pẹlẹbẹ rà, ìyẹn sàn ju lílọ̀ lọ. Ojú yín yóò rí i pé olú ni. Bí ó bá jẹ́ lílọ̀ nìkan ló wà, ẹ tẹ̀ síwájú nínú ìwé yìí.

OLÚ NI, ÀBÍ ỌKÀ?

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí olú ṣe ń hù, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ohun tí a ń rí lókè, tí a ń já sínú agbọ̀n, èso olú ni. Olú fúnra rẹ̀ wà lábẹ́, nínú ilẹ̀ tàbí nínú igi tó ń jẹrà, ó funfun, ó sì tín-ín-rín bí òwú. Òwú yìí ló ń jẹ igi náà. Bí ó bá jẹ yó, tí omi àti afẹ́fẹ́ sì bá a lára mu, ni yóò tó yọ èso. Ẹni tó ń gbin lingzhi ní láti dúró fún oṣù mélòó kan kí èso náà tó gbó.

Àwọn kan kì í dúró. Wọn á se ọkà, ìbáà jẹ́ ìrẹsì tàbí ọkà bàbà, wọn á rọ ọ́ sínú ike, wọn á fi irúgbìn olú sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òwú funfun á bo ọkà náà. Wọn kò ní í jẹ́ kí ó yọ èso rárá. Wọn á sá gbogbo rẹ̀, ọkà àti òwú, wọn á lọ̀ ọ́ pọ̀, wọn á sì kọ olú sí i lára. Ọkà tí olú kò tíì jẹ tán ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni hú ẹ̀gẹ́, tó wọn ọ́n mọ́ ilẹ̀ ebè, tó ní kílò ẹ̀gẹ́ ni. Kì í pa ènìyàn, a kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ọkà, kí lẹ fẹ́ fi ra ọkà lówó oògùn fún?

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, kò sì gba láàbù. Ẹ ra áyódíìnì kékeré lọ́dọ̀ kẹ́míìsì, èyí tí wọ́n fi ń kun ojú egbò, tó ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú. Ẹ wá ife mẹ́ta tó mọ́. Ẹ po láfún ṣíbí kékeré kan sínú omi, ẹ gbé e kaná kí ó hó díẹ̀, ẹ dà á sínú ife kìíní. Ẹ ṣe ìyẹ̀fun olú náà bákan náà, ẹ dà á sínú ife kejì; bí ó bá jẹ́ kápúsù, ẹ tú u, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ nìkan la fẹ́. Omi lásán ni ti ife kẹta. Ẹ wá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù pátápátá. Ẹ má ṣe kánjú níbí o, nítorí bí ó bá ṣì gbóná, àwọ̀ tí a ń wá kò ní í hàn dáadáa.

Ẹ wá kán áyódíìnì méjì mẹ́ta sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ife láfún á dúdú lójú ẹsẹ̀, á dà bí omi aró. Sítáàṣì inú láfún ló fà á. Ife omi á pọ́n díẹ̀ bíi tíì ni, kò ní í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú wá di ti ife olú. Bí òun náà bá di aró, sítáàṣì wà nínú rẹ̀, olú kì í sì í ní sítáàṣì nínú bí ọkà. Ọkà ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn, tàbí ìyẹ̀fun mìíràn tí wọ́n fi bù ú kún. Bí ó bá pọ́n rúsúrúsú lásán, kò sí ọkà níbẹ̀. Bí ìyẹ̀fun olú náà bá dúdú tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò rí àwọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó silẹ̀, ẹ bu omi òkè rẹ̀, ẹ fi omi là á kí ẹ tó kán oògùn náà sí i. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù bí ẹ bá ṣe tán. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún.

A ní láti sọ ibi tí àyẹ̀wò yìí mọ. Ó lè mú olè, kò lè jẹ́rìí olóòótọ́. Ẹni tó lọ èèpo igi gbígbẹ sínú kápúsù yóò yege lọ́dọ̀ áyódíìnì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní olú kankan. Ẹ tọ́ ìyẹ̀fun náà wò pẹ̀lú. Ti lingzhi gbọ́dọ̀ korò. Bí ó bá ń dùn díẹ̀ bí ẹ̀kọ, tàbí tí kò ní adùn kankan, ẹ fura. Ní ti kọfí olú, ẹ má wulẹ̀ dán àyẹ̀wò yìí wò. Kọfí ló pọ̀ nínú rẹ̀, olú kéré. Èyí tí wọ́n ń pè ní mẹ́ta-nínú-ọ̀kan tún máa ń ní ṣúgà, wọ́n sì ń tà á fún alátọ̀gbẹ!

OHUN TÓ WÀ LÁRA ÌGÒ

Ẹ ka ara ìgò. Ẹni tí kò bá kàwé, kí ó pe ọmọ rẹ̀ tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wá ni orúkọ olú náà ní kíkún, kì í ṣe “olú oníṣẹ́ ìyanu” tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan. Lẹ́yìn náà, apá wo lára olú ni? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń wá ni “fruiting body”, ìyẹn èso tí a sọ níṣàájú. Bí ẹ bá rí “mycelium”, òwú nìyẹn. Bí wọ́n bá tún kọ ìrẹsì tàbí ọkà mìíràn tẹ̀ lé e, ẹ ti mọ ìyókù. Bí ẹ bá rí “extract”, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti se olú náà, wọ́n sì ti gbẹ omi rẹ̀. Èyí dára bí wọ́n bá sọ òótọ́, nítorí ara olú le, omi gbígbóná ló ń tú ohun inú rẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ṣáínà fi ń sè é.

Àwọn òǹtà fẹ́ràn láti fi nọ́ńbà ńlá dẹ́rù bani. Wọn á ní “polysaccharides” inú rẹ̀ tó ìdajì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ gígùn yẹn pa yín lójú. Sítáàṣì inú ẹ̀kọ náà jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn kó pọ̀. Ẹni tó bá lọ ọkà mọ́ olú, ọkà náà ni yóò jẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ ga. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ bèèrè ni “beta-glucan”. Ti olú nìyẹn, ẹni tó bá sì wọ̀n ọ́n lóòótọ́ kò ní í tijú láti kọ ọ́.

Ẹ tún ṣe ìṣirò ọjà. Ìgò tó ní kápúsù 60, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ miligíráàmù 500, gíráàmù 30 péré ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Ìyẹn kò kún ọwọ́ kan. Ẹ fi iye owó ìgò náà ṣe ìlọ́po 33, ẹ ó rí iye tí ẹ ń ra kílò kan. Nígbà mìíràn, ìṣirò yìí nìkan ti tó láti dá owó padà sí etí ìró.

Ní ti àjọ NAFDAC, tí òfin ìjọba àpapọ̀ 1993 dá sílẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ ra èyí tí kò bá ní nọ́ńbà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ. Àwọn oògùn ìbílẹ̀ àti ti egbòogi tí wọ́n kàn kọ orúkọ wọn sílẹ̀, nọ́ńbà wọn máa ń parí pẹ̀lú lẹ́tà L. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ara páálí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Ìkọrúkọsílẹ̀ yìí, ọdún méjì ló wà fún kí wọ́n tó tún un ṣe. Òǹtà á fi ìka ìlérí nọ́ńbà náà hàn yín, á ní “NAFDAC ti fọwọ́ sí i pé ó ń wo jẹjẹrẹ”. Irọ́ ni. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí akọ̀wé gbé e lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó bá súnmọ́ yín láti béèrè bóyá ọjà náà gan-an ló ni ín. Ayédèrú nọ́ńbà kò ṣòroó tẹ̀ sára páálí.

Bí ó bá jẹ́ páálí púpọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè ìwé àbájáde láàbù. Ẹ wo nọ́ńbà ìdì ọjà tó wà lórí ìwé náà bóyá ó bá èyí tó wà lára ìgò mu. Ìwé tí wọ́n gbà fún ọjà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò sọ nǹkan kan nípa èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa òjé àti àwọn májèlé irú rẹ̀, nítorí olú dà bí kàn-ìn-kàn-ìn: ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ tàbí pákó tí wọ́n gbìn ín sí ni yóò fà mu. Olú tó hù lẹ́bàá títì ọkọ̀, tàbí lórí lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán rẹ, ìdọ̀tí ibẹ̀ wà nínú rẹ̀, lílọ̀ kò sì lè mú un kúrò. Ti cordyceps tún lágbára jù, nítorí ó wọ́n bíi wúrà. Àwọn oníjìbìtì máa ń ti wáyà tàbí òjé bọ inú rẹ̀ kí ó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n. Àwa náà mọ àwọn tó ń da òkúta sínú àpò kòkó. Ní 1996, àwọn dókítà ní Taiwan ròyìn ènìyàn méjì tí májèlé òjé mú nítorí cordyceps tí wọ́n lò.

ṢÉ Ó Ń ṢIṢẸ́?

Àwọn kan á ní, “Ẹ ti sọ̀rọ̀ tó báyìí, ṣé kò wúlò rárá ni?” A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní Jàpáànù, oògùn kan tí wọ́n yọ lára olú tó ń hù lára igi, PSK lorúkọ rẹ̀, ìjọba fọwọ́ sí i ní 1977. Nígbà náà, àwọn dókítà ló máa ń fún alárùn jẹjẹrẹ, wọ́n sì máa ń fún un pẹ̀lú ìtọ́jú ilé ìwòsàn, wọn kò fi rọ́pò rẹ̀. Ní ti Ganoderma àti jẹjẹrẹ, àjọ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn ni láti kó àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ jọ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, sọ ní 2016 pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó tó láti fi ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́. Wọ́n ní ó lè jẹ́ àfikún fún ẹni tó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú.

Ti àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló kàn wá jù, nítorí ó pọ̀ láàárín wa. Àjọ yìí kan náà wo àyẹ̀wò márùn-ún ní 2015, ènìyàn 398 ló wà nínú rẹ̀. Wọn kò rí ẹ̀rí pé Ganoderma ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ wálẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Baba kan ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, hóró kan lójúmọ́. Wọ́n ta kọfí olú fún un. Ó mu ún ní ọ̀sẹ̀ méjì, ara rẹ̀ yá gágá, oko sì ń wù ú lọ. Ó ní kí ni òun tún ń ra hóró fún, nígbà tí owó kọfí náà kò kéré. Ó dá hóró dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ké, kì í pariwo. Ara lè yá ènìyàn kí ẹ̀jẹ̀ máa ru lábẹ́lẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ọjọ́ tí yóò bá sọ̀rọ̀, rọpárọsẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Ẹgbẹ́ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ìtọ́jú fún ẹni tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn olú, ẹ lò ó, owó yín ni. Oògùn dókítà kò gbọdọ̀ dúró fún ọjọ́ kan nítorí rẹ̀. Ẹ sì sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì pé ẹ ń lò ó. Ẹ má tijú, wọn kò ní í lù yín.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn án láìbéèrè: ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí Ganoderma náà lè fà á kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, aboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọwọ́, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Àwọn dókítà ní Hong Kong ní 2004 àti ní Thailand ní 2007 ròyìn àwọn tó ti ń sè lingzhi mu tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá yí padà sí ti lílọ̀, tí ẹ̀dọ̀ wọn sì bàjẹ́. Ti Thailand kú. Kò ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ojú ẹni tó ń lò ó bá pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, kí ó dá a dúró, kí ó gba ilé ìwòsàn lọ kíákíá, kí ó sì mú ìgò náà dání.

OWÓ ẸGBẸ́

Òǹtà tó wá sí ìpàdé kì í fẹ́ ta agolo kan lásán. Yóò ní kí ẹ wọlé, kí ẹ san owó ìwọlé, kí ẹ ra páálí, kí ẹ mú ènìyàn mẹ́ta wá, kí àwọn náà mú mẹ́ta mẹ́ta wá. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan: bí kò bá sí ẹni tuntun mọ́ ní abúlé wa, ta ni yóò mu èyí tó kù? Ọjà yìí ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Owó ajẹṣẹ́kù tí ẹ̀yin fi ń yá ara yín ra ajílẹ̀, tí ẹ fi ń san owó ilé ìwé, kò yẹ kí ó wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn akápò. Èrò tiwa ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà á, kí owó ẹgbẹ́ dúró sí àyè rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí a gbọ́dọ̀ bá àwọn ọ̀dọ́ sọ. Àwọn kan ti mọ̀ pé Ganoderma ń hù nílé wa. Òótọ́ ni. Ẹ wo ìdí ọ̀pẹ tó ti gbó, ẹ ó rí olú líle bí pákó tó yọ síta bí etí. Ìbátan lingzhi ni, àrùn ló sì jẹ́ fún ọ̀pẹ. Ó ń jẹ ìdí rẹ̀ títí yóò fi wó. Ṣùgbọ́n oríṣi Ganoderma pọ̀. Èyí tó wà nídìí ọ̀pẹ yín kọ́ ni wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò ní Ṣáínà. Ẹ má gé e, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ máa tà á fún aláìsàn. Bí ẹ bá rí i lára ọ̀pẹ, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀, kí ó má baà ran àwọn tó kù.

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ olú ni ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe lóòótọ́, olú jíjẹ ni kí ẹ gbìn, irú èyí tí òyìnbó ń pè ní oyster. Kò gba ilẹ̀ púpọ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́mìlì ló ń jẹ, ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní iṣẹ́ náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onísọ́mìlì bóyá wọ́n fi oògùn sí igi náà kí ẹ tó kó o. Ẹ tà á ní tútù tàbí ní odindi gbígbẹ, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ. Ẹ má kọ orúkọ àìsàn kankan sí i lára.

Kílò mẹ́wàá tútù máa ń gbẹ di nǹkan bíi kílò kan, nítorí náà ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń dá iye lé e. Ẹ fà á ya tín-tìn-tín, ẹ sá a lórí àwọ̀n tí a gbé sókè, kì í ṣe sórí ọ̀dà títì, títí yóò fi máa dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ bí a bá ṣẹ́ ẹ. Èyí tó bá ṣì ń tẹ̀ láìdá kò tíì gbẹ, yóò sì bu nínú ike. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dára. Ẹ rọ gbígbẹ sínú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ẹ gbé e síbi tó tutù tí oòrùn kì í dé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sá a sí ara ike náà, àti orúkọ ẹni tó gbìn ín.